Oògùn Inú Ilẹ̀ àti Amọ̀ Jíjẹ ní Agbogbloshie: Ìwé Ìmọ̀ fún Òṣìṣẹ́ Ìlera àti Aláìsàn

Kókó ọ̀rọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn oògùn tí ilé ìwòsàn ń lò lónìí ni a kọ́kọ́ rí nínú ilẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí a yọ jáde láti inú ilẹ̀, tí a sọ di mímọ́, tí a wọ̀n, tí a sì dán wò lára ènìyàn, yàtọ̀ sí erùpẹ̀ tàbí amọ̀ tí a bù sẹ́nu. Amọ̀ jíjẹ tí wọ́n ń tà ní ọjà Accra, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ayilo, tí ó sì jọ ẹfun tí Yorùbá mọ̀, lè ní òjé nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ara tí a mọ̀ pé kò léwu. Aboyún àti ọmọ kékeré ni ó ń ṣe ní jàǹbá jù.

Ilẹ̀ wo ni ènìyàn ń jẹ?

Agbogbloshie wà ní àárín ìlú Accra, ní etí odò Odaw, kí omi náà tó wọ inú ọ̀sà Korle. Òkìkí ibẹ̀ kàn káàkiri ayé nítorí àwọn ẹ̀rọ àlòpatì: kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti wáyà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń tú palẹ̀ níbẹ̀ títí di 2021, tí wọ́n sì máa ń dáná sun kí bàbà inú wọn lè jáde. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará Accra, ọjà oúnjẹ ni Agbogbloshie jẹ́ pẹ̀lú. Iṣu, tòmátì, ata àti ewébẹ̀ ni wọ́n ń lọ rà níbẹ̀. Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí ayilo lórí àtẹ: amọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ eérú tí a mọ bí ẹyin adìẹ, tí kò wọ́n, tí aboyún sì lè fi sínú àpò kí ó máa rún un jẹ díẹ̀díẹ̀.

Amọ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ Agbogbloshie fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá láti agbègbè Anfoega ní ẹkùn Volta, níbi tí àwọn Ewe ti ń wa á láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń gún un, wọ́n ń pò ó mọ́ omi, wọ́n ń mọ ọ́n bí ẹyin, lẹ́yìn náà wọ́n ń gbẹ ẹ́ kí ó tó di èrò ọjà. Donald Vermeer, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọwọ́ yìí ní 1971. Nítorí náà, bí aboyún kan bá sọ pé òun ń jẹ amọ̀ tí òun rà ní Agbogbloshie, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí a rò: ohun tí ó wà nínú amọ̀ náà láti ibi tí a ti wà á, àti ohun tí ó lè bà lé e lórí àtẹ tí a kò bò, ní àdúgbò tí eruku rẹ̀ kì í ṣe eruku lásán. A ó gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ dáhùn àwọn tí ń béèrè pé: bí oògùn bá ń ti inú ilẹ̀ wá, kí ni ó burú nínú kí á jẹ ilẹ̀?

Bí ilẹ̀ ṣe di oògùn

Nínú ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan, àìmọye kòkòrò àìfojúrí ni ó ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn du oúnjẹ àti ààyè. Àwọn kan lára wọn ń tú èròjà jáde tí ó ń pa aládùúgbò wọn, tàbí tí kì í jẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Èròjà ìjà yìí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń wá. Ní 1943, Albert Schatz, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Selman Waksman ní Rutgers ní Amẹ́ríkà, rí streptomycin láti ara bakitéríà inú ilẹ̀. Òun ni oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́ tí ó kápá ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní 1949, dókítà ará Philippines kan, Abelardo Aguilar, fi erùpẹ̀ láti Iloilo ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Eli Lilly. Inú rẹ̀ ni erythromycin ti jáde. Rifampicin, èyí tí ẹni tí ó bá ti lò ó kò lè gbàgbé nítorí pé ó ń yí àwọ̀ ìtọ̀ padà, ni a ṣe láti ara èròjà bakitéríà kan tí a rí ní 1957 nínú ilẹ̀ igbó kan ní Faransé.

Èyí tí ó kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jù nínú wọn ni ivermectin. Satoshi Ōmura bu erùpẹ̀ nítòsí pápá golf kan ní Kawana ní Japan. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Merck rí i pé èròjà tí ó ti ibẹ̀ wá ń pa aràn ẹran ọ̀sìn. Ní 1987, Merck kéde pé àwọn yóò máa fi oògùn náà tọrẹ fún ìwòsàn àrùn tí kòkòrò etí odò ń kó ranni, tí ó sì ń fọ́ni lójú. Láti ìgbà náà ni àwọn ará abúlé ní Ghana, Togo, Benin àti Nàìjíríà ti ń gbé hóró rẹ̀ mì, pẹ̀lú igi ìwọ̀n tí a fi ń wo gíga oníkálukú kí a tó mọ iye hóró tí ó tọ́ sí i. Ōmura àti Campbell gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ní 2017, WHO jẹ́rìí pé Togo ti borí jàkùtẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣòro ìlera ará ìlú, òun sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ivermectin wà lára oògùn tí wọ́n lò.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí: ẹnikẹ́ni kò jẹ erùpẹ̀ Kawana, ẹnikẹ́ni kò sì fi ilẹ̀ Iloilo sójú egbò. A ya bakitéríà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ nínú àìmọye, a sìn ín, a yọ èròjà kan ṣoṣo lára rẹ̀, a dán an wò lára ẹranko, lẹ́yìn náà lára ènìyàn, títí a fi mọ ìwọ̀n tí ó ń woni àti ìwọ̀n tí ó ń pani. Streptomycin pàápàá, lẹ́yìn gbogbo ìyọ́mọ́ yìí, lè sọ aláìsàn di adití bí a kò bá ṣọ́ ọ.

Egbò Buruli yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni dáadáa, nítorí àrùn náà wà ní Ghana, kódà ní agbègbè Amasaman tí kò jìnnà sí Accra. Ní Côte d'Ivoire, obìnrin ará Faransé kan lo amọ̀ aláwọ̀ ewé láti ilẹ̀ Faransé fún àwọn tí ó ní egbò yìí, ó sì rí i pé egbò àwọn kan ń jinná. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona gbé irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ méjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò wọn. Àwọn méjèèjì jọra gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pa bakitéríà, èkejì sì ń mú kí bakitéríà pọ̀ sí i. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò. Oògùn tí WHO fọwọ́ sí fún egbò Buruli lónìí ni rifampicin pẹ̀lú clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí inú ilẹ̀ ni orírun àwọn méjèèjì wà: a ti sọ ti rifampicin, erythromycin ni wọ́n sì ti ara rẹ̀ ṣe clarithromycin. Ẹni tí ó ní egbò Buruli tí ó sì ń fi amọ̀ ọjà kùn ún ń sún oògùn tòótọ́ síwájú ni, nígbà tí àrùn náà ń jẹ ẹran ara rẹ̀ lọ láìdun ún.

Ohun tí amọ̀ ń ṣe nínú ikùn

Kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ pé ìtura tí àwọn ènìyàn ń rí nínú amọ̀ jẹ́ irọ́. Amọ̀ jẹ́ ìpele tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí, tí ó ń fa omi mọ́ra, tí ó sì ń di oríṣiríṣi èròjà mú. Bí ó bá dé inú ikùn, ó lè di oró kan mú, ó lè mú kí ìgbẹ́ ki, ó sì lè rọ àyà tí ń ta. Ní 1985, Vermeer àti Ray Ferrell tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nípa amọ̀ Uzalla, ní ilẹ̀ tí ó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí ní Nàìjíríà, amọ̀ tí wọ́n ń kó lọ sí ọjà káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí i pé ó jọ amọ̀ kaolin tí ó wà nínú Kaopectate, oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní Benin àti Togo, àwọn ènìyàn mọ Smecta, oògùn ìgbẹ́ gbuuru mìíràn tí a fi amọ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n ní 2019, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Faransé kìlọ̀ pé kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní oògùn alámọ̀ mọ́, kí aboyún àti ìyá tí ń fọ́mọ lọ́yàn náà má sì lò ó, nítorí òjé díẹ̀ tí ó lè wà nínú rẹ̀. Èyí jẹ́ amọ̀ tí ilé iṣẹ́ oògùn ti yọ́ mọ́. Amọ̀ orí àtẹ kò ní ẹni tí ó wọ̀n ọ́n.

Nípa ìgbẹ́ gbuuru, a ní láti fi ohun kan kún un. Ìgbẹ́ tí ó ki kò túmọ̀ sí pé ara ọmọ ti bọ́. Omi àti iyọ̀ tí ó ń jáde lára ni ó ń pa ọmọ, amọ̀ kò sì dá wọn padà. Omi ORS ni kí a fún ọmọ náà mu, pẹ̀lú hóró zinc fún ọjọ́ 10 sí 14: miligíráàmù 20 lójúmọ́, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Kí ìyá má sì dá ọyàn dúró.

Òjé, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti oyún

Ibí yìí ni ewu gidi wà. Òjé jẹ́ irin wúwo tí ó máa ń wà nínú àwọn àpáta àti amọ̀ kan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn. Iná lè pa ẹyin aràn àti kòkòrò inú amọ̀. Kò lè lé òjé jáde. Fífọ̀ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò, bíbù ún díẹ̀ kò sì sọ ọ́ di aláìléwu fún ẹni tí ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ní 2009, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn aboyún nípa nzu, amọ̀ tí àwọn ará wa ń kó lọ láti Nàìjíríà, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ní Texas fi hàn pé òjé àti arsenic pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní Britain náà ti ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń rà á ní ìlú òyìnbó.

Nígbà tí òjé bá wọ ara, ara a máa ṣì í mú bíi kálísíọ́mù, a sì tò ó pamọ́ sínú egungun. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, tí ọmọ inú rẹ̀ ń béèrè kálísíọ́mù, egungun ìyá a tú ohun tí ó fi pamọ́ sílẹ̀, òjé a sì bá a jáde. Olóbì kò lè dí i lọ́nà. Ó lè fa kí oyún wálẹ̀, kí a bí ọmọ láìpé oṣù, tàbí kí ọmọ fúyẹ́ jù. Ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ lọ́nà tí kò ní hàn títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni bí ó ṣe so mọ́ àìtó ẹ̀jẹ̀. Amọ̀ lè di èròjà ayọ́ọ̀nù inú oúnjẹ mú, kí ó má jẹ́ kí ìfun gbà á. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó sì máa ń ṣe àárẹ̀, amọ̀ sì tún máa ń wù ú jẹ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ara tí kò ní ayọ́ọ̀nù àti kálísíọ́mù tó máa ń fa òjé mọ́ra ju ara tí ó yó lọ. Nítorí náà, obìnrin tí amọ̀ ń wù jù lọ ni amọ̀ ń pa lára jù lọ. A kò lè fi ìkìlọ̀ nìkan já okùn yìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ilẹ̀ Agbogbloshie fúnra rẹ̀

Èéfín wáyà àti eruku bátìrì tí a fọ́ ti fi òjé, cadmium àti àwọn irin mìíràn sílẹ̀ nínú ilẹ̀ àdúgbò náà. Nínú ìròyìn rẹ̀ ti oṣù kẹfà 2021 nípa ọmọdé àti pàǹtírí ẹ̀rọ, WHO tọ́ka sí ẹyin adìẹ tí ń jẹ̀ kiri ní Agbogbloshie: ọmọ tí ó bá jẹ ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ti gba oró dioxin tí ó tó ìlọ́po 220 ohun tí àjọ ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù gbà láàyè fún ọjọ́ kan. Ní oṣù keje 2021, ìjọba wó ibi títú ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ náà kò tán. Ó tú ká lọ sí Old Fadama àti àwọn ibòmíràn. Irin inú ilẹ̀ kì í jẹrà bí ewé, kì í sì í jóná bí igi, nítorí náà ibi tí a ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lójú lè ṣì ní i nínú.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bu ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ, tàbí fi í sójú egbò, tàbí fi í mọ ààrò ìdáná. Ẹni tí ń tú ẹ̀rọ ní láti bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó sì wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ mọ́ra. Kí a wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbálẹ̀, kí eruku má baà dìde. Kí a fọ ọwọ́ ọmọdé ṣáájú oúnjẹ, nítorí gbogbo ohun tí ó bá bà lé ọwọ́ ọmọ ni yóò dé ẹnu rẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà náà lè fi ọ̀rá tàbí dígí bo àtẹ wọn, ì báà ṣe ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà.

Bí a ṣe ń bá aboyún sọ ọ́

Ọ̀pọ̀ aboyún kì í dárúkọ amọ̀ bí a bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ, nítorí wọn kò kà á sí oúnjẹ, tàbí nítorí ojú ń tì wọ́n. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní gbọ́ òótọ́ lẹ́nu wọn mọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ó máa ń ṣí wọn nínú:

Agbẹ̀bí: "Àǹtí mi, ọ̀pọ̀ ìyá tí ó ń wá síbí ni ó máa ń jẹ ayilo. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Aboyún: "Sísítà, mo ń jẹ díẹ̀. Bí n kò bá jẹ ẹ́, itọ́ kò ní yé dà lẹ́nu mi, èébì á sì máa gbé mi."

Agbẹ̀bí: "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Ẹyọ mélòó ni ẹ ń jẹ lójúmọ́? Níbo ni ẹ ti ń rà á? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a fún yín?"

Lẹ́yìn ìbéèrè ni àyẹ̀wò. Kí a wọn hemoglobin rẹ̀: bí ó bá dín sí 110 g/L ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tàbí ìkẹyìn oyún, tàbí 105 g/L ní oṣù mẹ́ta àárín, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Gbogbo aboyún ni WHO dámọ̀ràn miligíráàmù 30 sí 60 ayọ́ọ̀nù lójúmọ́ fún, pẹ̀lú folic acid 400 µg. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó yóò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilé ìwòsàn. Kí ó má fi tíì gbé oògùn náà mì, kí ó má sì jẹ amọ̀ lé e lórí. Níbi tí aràn bá ti wọ́pọ̀, a lè fún un ní oògùn aràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Fún èébì òwúrọ̀, atalẹ̀ wà lára ohun tí WHO fọwọ́ sí. Bí àyẹ̀wò òjé bá ṣeé ṣe, ìwọ̀n 5 µg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ wá orísun òjé náà kí a sì mú un kúrò. Bí kálísíọ́mù inú oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó, kí a fi kún un. Oògùn tí ń fa òjé jáde lára wà, ṣùgbọ́n dókítà tí ó mọ̀ ọ́n dunjú nìkan ni ó lè pàṣẹ rẹ̀.

Bí aboyún kò bá lè jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má lé e lọ. Kí ó máa dín in kù, kí ó sì padà wá ní ọjọ́ tí a dá fún un kí a tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ̀n. Láàárín èyí, kí ó tètè wá sí ilé ìwòsàn bí ikùn bá ń rún un gidigidi tí kò sì lè yàgbẹ́, bí ojú rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, bí èémí bá ń sá sí i, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Kí ó mú ẹyọ kan nínú amọ̀ tí ó ń jẹ dání, kí ó sì sọ orúkọ ọjà tí ó ti rà á.